Ta Ló Ń Dáná fún Wọn?

Ọdún méjìlélógún ni obìnrin yìí ti fi ń dáná fún ẹgbẹ̀ta òṣìṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe bátìrì. Màmá Kantíìnì ni gbogbo wọn ń pè é, títí kan ọ̀gá àgbà, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá àgbà fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ. Aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ ló máa ń wọlé. Á fọwọ́, á so épírọ̀ọ̀nù mọ́dìí, á ṣí yàrá oúnjẹ, á wá dúró díẹ̀ níwájú àwọn àpò ìyẹ̀fun àti ìrẹsì. Bó bá ti wo àpò báyìí, ó ti mọ iye èèyàn tó máa yó. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ sí i pé ogójì èèyàn míì ń bọ̀ láti ẹ̀ka kejì, kì í wo ìwé kankan. Á kàn sọ fáwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ pé, "Ẹ bu abọ́ mẹ́sàn-án kún un," oúnjẹ á sì kárí wọn pé pérépéré.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ọjọ́rú kan, àwọn méjì dúró síwájú káńtà rẹ̀, wọ́n ń jiyàn, wọn ò sì jẹ́ kí ìlà rìn. Ọ̀kan ni Ẹnjiníà, ọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Èkejì ni Bàbá Sítọ̀, àgbàlagbà tó ń tọ́jú irinṣẹ́. Àwọn méjèèjì ti gbọ́ ètò kan lórí rédíò nípa ọba aláṣẹ Faransé tó kó ọmọ ogun tó lé ní ọ̀kẹ́ ogún (400,000) wọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà lọ́dún 1812, tó jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló padà dé.

"Otútù ló pa wọ́n," Ẹnjiníà wí. "Yìnyín. Wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò."

"Ìbọn ni," Bàbá Sítọ̀ dá a lóhùn. "Ogun wo lo ti gbọ́ rí tí ìbọn ò ti pa èèyàn?"

Màmá Kantíìnì mú ṣíbí ńlá dání. Kò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀, àmọ́ iye yẹn ti ta sí i létí.

"Mélòó lẹ pè é?"

"Ọ̀kẹ́ ogún, Màmá. Ó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ta ló ń dáná fún wọn?"

Ẹ̀rín sọ lórí ìlà. Bàbá Sítọ̀ ní, "Ẹ ò rí nǹkan. Màmá ti gbé ìkòkò dé ojú ogun." Màmá Kantíìnì náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó bu oúnjẹ fún wọn, ìlà sì tẹ̀ síwájú.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó ń fọ ìkòkò, ó ń rò ó. Ó jókòó sínú ọkọ̀ tó ń gbé e relé, ó ń fi ìka ṣírò lórí itan. Ẹgbẹ̀ta èèyàn ni òun ń bọ́ lóòjọ́, ìkòkò ńlá mẹ́jọ, èèyàn méjìlá, omi ẹ̀rọ, gáàsì, gbogbo ẹ̀ lójú kan, síbẹ̀ àwọn ọjọ́ kan wà tí orí òun fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú. Bí ọ̀kẹ́ ogún bá máa jẹun, irú kantíìnì òun ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́tàdínláàádọ́rin ló gbọ́dọ̀ wà. Kì í sì í ṣe lójú kan o. Lórí ìrìn ni. Lónìí wọ́n wà níbí, lọ́la wọ́n ti wà lọ́hùn-ún, nínú oko olóko, láìsí ẹ̀rọ omi. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?

Nígbà tó délé, ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ aago títún ṣe, àwọn ìbejì tí wọ́n bí sì ti wà nílé ọkọ.

"Ìyá Ìbejì," ó ní, "ó ti lé ní igba ọdún táwọn èèyàn wọ̀nyẹn ti kọjá lọ. Bí ebi bá ń pa wọ́n, o ò rí nǹkan kan ṣe sí i mọ́."

"Mo mọ̀, Bàbá Ìbejì. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Lọ́jọ́ Sátidé, dípò kó lọ dùbúlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ilé, ó wọ bàtà, ó gba ilé-ìkàwé lọ. Láti ìgbà tó ti kúrò nílé ìwé, kò wọ irú ibẹ̀ mọ́. Ilé alájà méjì ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Afẹ́fẹ́ láti inú fáànù ń ṣí ojú ìwé ìròyìn tẹ́nì kan gbàgbé sórí tábìlì. Olùtọ́jú ìwé, obìnrin kékeré kan tó wọ gíláàsì, tó sì fi bírò há irun, gbójú sókè.

"Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ ń wá ẹnì kan ni?"

"Ìwé ni mò ń wá, ọmọ mi. Èyí tó sọ nípa ogun tí Faransé gbé lọ bá Rọ́ṣíà."

"Ó wà. Kí lẹ fẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀?"

Ojú ti Màmá Kantíìnì láti dárúkọ oúnjẹ. Ó rántí bí wọ́n ṣe fi òun rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́. "Gbogbo ẹ̀ náà ni," ó wí.

Olùtọ́jú ìwé mú un dé ibi tí wọ́n to àwọn ìwé náà sí. Mẹ́rìnlá ni. Ọwọ́ Màmá Kantíìnì lọ tààrà sí èyí tó nípọn jù lọ, tí wọ́n ya ọba kan sí lára lórí ẹṣin funfun. Ó gbé e wò bí ẹni tó ń gbé àpò iyọ̀ lọ́jà, ó wúwo dáadáa, ó sì dá a lójú pé ìwé tó wúwo tó báyìí ò lè má mọ̀.

Ó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kà á. Ó mọ ọ̀gágun tó kórìíra ọ̀gágun ẹgbẹ́ ẹ̀. Ó mọ ẹni tí ọba bínú sí, ó mọ irú fìlà tí wọ́n dé, ó mọ lẹ́tà tí wọ́n kọ síra wọn. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ó pa ìwé náà dé pẹ̀lú ariwo.

"Mo ti ka ojú ìwé ọgọ́rin," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹnì kan ò tíì jẹun níbẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ̀ lé ìwé yìí, á rò pé afẹ́fẹ́ lásán ni ọ̀kẹ́ ogún èèyàn ń gbé mì."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí gíláàsì fi já bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó dá ìwé náà padà lọ́jọ́ Sátidé, olùtọ́jú ìwé rí ojú rẹ̀, ó fà sún mọ́ ọn. "Màmá, kò tẹ́ yín lọ́rùn, àbí? Ẹ sọ ọ́ fún mi. Kí lẹ ń wá gan-an?"

Ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ báyìí. "Ta ló ń dáná fún wọn? Ìyẹn ni. Kantíìnì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹgbẹ̀ta ni mò ń bọ́, mi ò mọ bí èèyàn ṣe lè bọ́ ọ̀kẹ́ ogún lójú ọ̀nà."

Obìnrin kékeré náà ò rẹ́rìn-ín. Ó yọ bírò kúrò nírun. "Ìbéèrè gidi nìyẹn," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká kó gbogbo wọn sílẹ̀."

Wọ́n kó ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sórí tábìlì gígùn. Olùtọ́jú ìwé ṣí ọ̀kan láti ẹ̀yìn. "Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, Màmá. Iwájú ni wọ́n ti ń ṣe fújà. Ẹ̀yìn níbí ni wọ́n to gbogbo ọ̀rọ̀ sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojú ìwé tó wà. Atọ́ka là ń pè é. Ẹ wá búrẹ́dì. Ẹ wá ìyẹ̀fun, màlúù, ẹṣin, kẹ̀kẹ́ ẹrù. Èyí tí kò bá ní in, ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Ojú Màmá Kantíìnì là. Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ló ti lò láyé, kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé èèyàn lè bi ìwé ní ìbéèrè kó tó kà á. Ó fa àga, ó jókòó, ó kó méje sọ́dọ̀, olùtọ́jú ìwé kó méje yòókù. Ó ń fi ìka lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àkọ́kọ́: kò sí búrẹ́dì. Ó tì í. Èkejì: kò ní atọ́ka rárá. Ó tì í, ó sì wò ó bí ẹni wo oníṣẹ́ tó pẹ́ dé. Ẹ̀kẹta: búrẹ́dì, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó sì jẹ́ búrẹ́dì tí ọba jẹ.

Ẹ̀karùn-ún ló mú kó dìde dúró.

"Ọmọ mi, wá wò ó. Búrẹ́dì, ibi mọ́kàndínlógún. Ìyẹ̀fun, mọ́kànlá. Kẹ̀kẹ́ ẹrù, mi ò tiẹ̀ kà á tán."

Kò lè dúró dìgbà tó máa délé. Orí ìdúró níbẹ̀ ló ti ṣí àkọ́kọ́ nínú mọ́kàndínlógún. Ọba náà ti kó ìyẹ̀fun pa mọ́ lóòótọ́, àpò rẹpẹtẹ, nínú ilé ìkẹ́rù ní ààlà. Kò gbàgbé oúnjẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin máa fi fà á wúwo jù fún irú ọ̀nà tó wà níbẹ̀. Òjò rọ̀, ọ̀nà di ẹrẹ̀, kẹ̀kẹ́ rì, àwọn ọmọ ogun sì ti lọ jìnnà. Àwọn ẹṣin tí kò rí oúnjẹ wọn jẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọkà tútù inú oko, inú run wọ́n, wọ́n ń kú lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Ó wo òkè ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè rí oṣù tó jẹ́. Oṣù Kẹfà ni. Ooru ló mú nígbà yẹn.

Ó dà bí ìgbà tó bá ṣí ìdérí ìkòkò, tó sì rí i pé ohun tóun fura sí ni òun bá níbẹ̀.

Ìwé méjì ni wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn mú lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ti mú ọ̀kan ná. Èyí tó máa ṣìkejì ló wá dìṣòro. Olùtọ́jú ìwé gbé ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan síwájú rẹ̀, tí wọ́n fi téèpù lẹ ẹ̀yìn ẹ̀, ìrántí ọmọ ogun kan tó fẹsẹ̀ rìn lọ tó sì fẹsẹ̀ rìn bọ̀.

"Kò ní atọ́ka," Màmá Kantíìnì wí.

"Kò ní in. Àmọ́ ẹni tó kọ èyí tẹ́ ẹ ti mú ò sí níbẹ̀, ó kó gbogbo ẹ̀ jọ látinú ìwé ni. Ẹni tó kọ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí wà níbẹ̀. Kò mọ ohun tó ń lọ lápá kejì òkè, àmọ́ ó mọ ohun tó wà nínú ìkòkò. Ẹ kà wọ́n pọ̀, kẹ́ ẹ máa fi ọ̀kan yẹ èkejì wò."

Ó mú méjèèjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ọkọ rẹ̀ ló ń pa iná lábẹ́ ọbẹ̀ tó fẹ́ jóná, nítorí ìyàwó rẹ̀ wà ní Rọ́ṣíà.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, kó tó di pé aago oúnjẹ lù, ó nu pátákó tí wọ́n ń kọ orúkọ oúnjẹ sí, ó mú ṣọ́ọ̀kì. Àpò ìyẹ̀fun kan máa ń tó ọgọ́rùn-ún èèyàn nínú kantíìnì tirẹ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ọ̀kẹ́ ogún máa jẹ ẹgbàajì àpò lóòjọ́. Bí kẹ̀kẹ́ kan bá gbé ogún àpò, igba kẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa jẹ tán lójúmọ́ kan. Fún ogójì ọjọ́, ẹgbàárin kẹ̀kẹ́. Ó kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà, ó fa ìlà sí i nídìí.

Nígbà tí Ẹnjiníà àti Bàbá Sítọ̀ dé, wọ́n rò pé oúnjẹ tuntun ni.

"Ẹ kà á," ó sọ fún wọn. "Ìyẹn ò tíì kan ẹran, kò kan iyọ̀, kò kan igi ìdáná. Ẹṣin tó sì ń fa kẹ̀kẹ́ yẹn náà fẹ́ jẹun."

Ẹnjiníà gbé abọ́ sílẹ̀, ó yọ fóònù, ó ṣe ìṣirò náà látòkè délẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ìlà ti ń na ọrùn. "Ó tọ̀nà," ó wí. Ó tún un ṣe. "Màmá, ó tọ̀nà délẹ̀délẹ̀."

"Nígbà náà, ìbọn kọ́?" Bàbá Sítọ̀ béèrè.

"Ìbọn pa nínú wọn, Bàbá. Otútù náà pa wọ́n, àìsàn pa wọ́n. Mi ò bá yín jiyàn. Àmọ́ Oṣù Kẹfà ni ẹṣin ti ń kú. Yìnyín ò tíì bọ́ rárá. Nígbà tó fi máa bọ́, ẹni tí ebi ti pa fún oṣù mẹ́rin ló bá."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan láti ẹ̀ka ìkójáde béèrè pé kí wá ni àwọn ará Rọ́ṣíà fúnra wọn ń jẹ, ọ̀rọ̀ sì gùn débi pé fèrè iṣẹ́ dún, ọ̀pọ̀ abọ́ ṣì kún. Ẹnjiníà ya àwòrán pátákó náà kó tó lọ. Bàbá Sítọ̀ padà wá láti ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Bẹ́ ẹ bá ka ìwé yẹn tán, ẹ jẹ́ kí n gbọ́."

Láti ìgbà náà, kò sí Sátidé tí kì í lọ. Ó ti ní ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan báyìí tó pín sí méjì: lápá kan, ohun tí ìwé sọ, lápá kejì, ohun tí ìwé kejì sọ nípa ọjọ́ kan náà. Nígbà tí iye òkú ẹṣin inú ọ̀kan ò bá ti èkejì mu, á kọ àmì ìbéèrè ńlá síbẹ̀, inú ẹ̀ á sì dùn ju ìgbà tí wọ́n bá mu lọ.

Sátidé karùn-ún ni ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ ọn jù dé. Ó ń kà nípa àwọn obìnrin kan tó ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun Faransé, tí wọ́n gba ìwé àṣẹ láti máa ta oúnjẹ àti ọtí fún wọn. Àwọn míì ní kẹ̀kẹ́ ẹrù kékeré, àwọn míì ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Wọ́n bá wọn rìn lọ, wọ́n bímọ sójú ọ̀nà, wọ́n sì ń gbé omi fún ẹni tó gbọgbẹ́. Orúkọ iṣẹ́ wọn wà níbẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má baà sá lọ.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, wá. Báwo ni wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ yìí?"

Olùtọ́jú ìwé tẹ̀ ba. "Kantiniẹ́ẹ̀rì."

"Ṣé orúkọ tí wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́ kọ́ nìyẹn?"

Olùtọ́jú ìwé sáré gbé ìwé atúmọ̀ èdè. Òótọ́ ni. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni ọ̀rọ̀ kantíìnì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ̀ wọn ló gbà dé ẹnu tiwa. Màmá Kantíìnì dìde. Ó bọ́ síta, ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá Ìbejì, wọ́n wà níbẹ̀."

"Àwọn wo ló wà níbo?"

"Àwa. Àwa tí à ń dáná. A wà níbẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ ò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Máa bọ̀ nílé wá ròyìn ẹ̀ fún mi. Mo ti se ìrẹsì."

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni olùtọ́jú ìwé tẹ́ ìwé gígùn kan síwájú rẹ̀. Ilé-ìkàwé fẹ́ béèrè fún ìwé tuntun, àyè mẹ́rin sì wà fún ìtàn ogun. Orúkọ ìwé mẹ́rìndínlógójì ló wà níbẹ̀, àlàyé ìlà méjì méjì lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ bá mi yan mẹ́rin, Màmá. Kò sẹ́lòmíì tó ti yẹ àwọn tá a ní wò bíi tiyín."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi gbé ìwé yẹn káàkiri nínú àpò épírọ̀ọ̀nù, títí epo fi kàn án ní igun kan. Àkọ́kọ́ ò nira. Gbogbo èyí tó wà nílẹ̀, ẹ̀yìn Faransé ni wọ́n dúró sí wo ogun náà. "Àwọn onílẹ̀ ńkọ́?" ó sọ fún Ẹnjiníà. "Àwọn tí wọ́n dáná sun oko ara wọn kí ọ̀tá má baà rí jẹ? Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu wọn." Ó fàmì sí èyí tí ọmọ Rọ́ṣíà kọ. Ó fàmì sí èyí tó dá lórí àwọn obìnrin tó tẹ̀ lé ogun, àtèyí tó dá lórí ẹṣin. Àyè kan ló kù, ìwé méjì sì ń fà á: ti dókítà ogun kan, àti ìwé máàpù. Ó pa ti dókítà rẹ́, ó dá a padà, ó tún pa á rẹ́. Níkẹyìn, máàpù ló mú, nítorí ó ti ń ka orúkọ àwọn odò láti ọjọ́ yìí, kò sì mọ èyí tó ṣáájú nínú wọn.

Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà ni páálí dé, lọ́sàn-án Sátidé. Olùtọ́jú ìwé ò ṣí i. Ó dúró dè é. Àwọn méjèèjì fi ọ̀bẹ lẹ́tà gé okùn ẹ̀. Ìwé ẹṣin náà dára, àmọ́ lẹ́tà inú ẹ̀ rí bí èèrà. Ìwé àwọn obìnrin já a kulẹ̀: àwòrán ló pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ò tó nǹkan, ó sì sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé àlàyé ìlà méjì yẹn tan òun jẹ. Ìwé ọmọ Rọ́ṣíà ní atọ́ka tó gba ojú ìwé méjìlélógún, ó gbé e mọ́ àyà.

Ìwé máàpù ló kẹ́yìn. Wọ́n ṣí i, ó ṣí, ó tún ṣí, títí tábìlì ò fi gbà á mọ́. Wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n sì fi àga dí i mọ́lẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Màmá Kantíìnì bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ sí apá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ilé ìkẹ́rù àwọn ìyẹ̀fun yẹn wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ ọ̀nà lọ díẹ̀díẹ̀.

"Màmá, aago mẹ́rin ti lù. Ó yẹ kí n ti ilẹ̀kùn."

"Tì í, ọmọ mi. Àmọ́ inú níbí ni kó o ti tì í."

Olùtọ́jú ìwé ti ilẹ̀kùn. Ó bọ́ bàtà tiẹ̀ náà, ó rìn yí máàpù ká, ó sì kúnlẹ̀ sí apá Rọ́ṣíà.